Ta Ni Ó Ni Ìwé Tí O Ń Kà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí a ń gbà gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, mo ń sinmi nínú òjìji, mo sì ń wo òrùlé àwọn ilé bí wọ́n ti tò lọ láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ. Ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wá jókòó ní ìsàlẹ̀ mi díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, lẹ́yìn náà ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nínú rẹ̀. Ó ń kà á tìtaratìtara, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni ò ń kà tí ó dùn mọ́ ọ tó báyìí?”

Ó ní, “Ìtàn Ìbàdàn ni, sà.”

“Ta ni ó kọ ọ́?”

Ó fa ojú-ìwé náà lọ sókè, ó fà á lọ sísàlẹ̀, kò rí orúkọ kankan. Kò sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀, kò sí ọdún, kò sí orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà kàn bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tí a gbé lójú oorun tí kò mọ ibi tí òun wà. Mo gba fóònù náà, mo ka ìlà mẹ́ta mẹ́rin, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ti mọ ohùn ará ilé mi. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ ni.

“Níbo ni o ti rí i?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni ó fi ránṣẹ́ sí mi, sà.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?”

“Òun náà ní ẹnì kan ni ó fi ránṣẹ́ sí òun.” Ó wò mí lójú, ó sì béèrè ohun tí èmi kò retí: “Sà, ṣé mo jalè ni?”

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì gbé ohùn sókè. Ó tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti rẹ́rìn-ín kí a sì wí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo ayé ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà ju ohun tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn lọ, èmi sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1911 ni ìwé Akínyẹlé kọ́kọ́ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ni òun nígbà náà. Ogun Kírìjì ti parí ní ọdún 1893. Nítorí náà nígbà tí ó ń kọ̀wé, àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sójú ogun náà ṣì wà láàyè, wọ́n ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, wọ́n ń ta ayò, wọ́n sì ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbé gègé ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọn ìbá gbé lọ sí ibojì. Ní ọdún 1955, òǹkọ̀wé yìí kan náà jẹ Olúbàdàn, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní ọdún 1964. Ọba tí ó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ ọmọ Ìbàdàn jókòó lórí òkè Mápó, ó ń jẹ nínú oúnjẹ tí ó sè, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ dùn mí nìyẹn, kí n tó ronú kan òfin rárá.

Òfin náà nìyí. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sọ pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé jẹ́ tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Lẹ́yìn èyí, ó di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ̀ ẹ́, kí ó tà á, kí ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò rẹ̀. Akínyẹlé kú ní ọdún 1964. Bí a bá ka 70 ọdún láti òpin ọdún náà, a ó dé òpin ọdún 2034. Ìwé tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó jáde yìí kò tí ì di ti gbogbo ayé ní ilẹ̀ tí a ti kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò wọn níbẹ̀. Ní ti àwọn ìwé àtijọ́, ọdún tí ìwé jáde ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1911 sì ti bọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lọ́dọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́. Bí ilé-ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà bá ya àwòrán ìwé Akínyẹlé, tí ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rú òfin ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà ọmọ tí ó jókòó ní Mápó lè na ọwọ́ mú ohun tí ó tọ́ ní apá kan ayé tí kò sì tí ì tọ́ ní apá kejì. Ìwé kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, òfin méjì ni ó dì í mú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí jẹ́ àríyànjiyàn lásán, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Project Gutenberg, tí ó ti ń kó ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún 1971 kí gbogbo ènìyàn lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òǹtẹ̀wé kan ní Jámánì, S. Fischer, pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ìwé 18 tí ó jẹ́ ti Thomas Mann, Heinrich Mann àti Alfred Döblin. Ní Amẹ́ríkà àwọn ìwé náà ti di ti gbogbo ayé. Ní Jámánì, nítorí pé 70 ọdún lẹ́yìn ikú àwọn òǹkọ̀wé kò tí ì pé, wọn kò tí ì dì í. Ilé-ẹjọ́ ní Frankfurt dá àwọn òǹtẹ̀wé láre ní oṣù Kejì ọdún 2018. Ẹgbẹ́ náà bínú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbogbo àkójọ wọn mọ́ àwọn ará Jámánì, kì í ṣe ti ìwé 18 nìkan. Ó di ọdún 2021 kí àwọn méjèèjì tó parí ìjà. Fún ọdún mẹ́ta, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Jámánì tí ó fẹ́ ka ìwé ẹni tí ó ti kú láti 300 ọdún sẹ́yìn kò lè rí i kà níbẹ̀, nítorí ìjà lórí ìwé mìíràn. Èmi kò mọ èyí tí n bá fi sọ pé ó jẹ̀bi jù nínú wọn.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Amazon, tí ń ta ìwé tí a ń kà nínú ẹ̀rọ Kindle, rí i pé ẹni tí ó gbé ìwé méjì tí George Orwell kọ síta lórí ọjà wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n ní Amẹ́ríkà. Orwell ti kú láti ọdún 1950, ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ìwé rẹ̀ sì ti di ti gbogbo ayé nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbẹ̀. Kí ni Amazon ṣe? Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti yọ àwọn ìwé náà kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn tí ó ti sanwó, wọ́n sì dá owó wọn padà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bí tiyín ń lo ìwé náà fún iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó sì ti ń kọ àkíyèsí rẹ̀ sí i. Ó jí ní ọjọ́ kan, ìwé ti lọ, àkíyèsí náà kò sì wúlò mọ́ nítorí pé ohun tí ó kọ ọ́ lé lórí kò sí mọ́. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ọ̀gá wọn tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì bá ọmọ náà parí ọ̀rọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ yìí kò jí nǹkan kan. Ó san owó rẹ̀ ní ọjà tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí kò ṣe ni pé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ẹni tí ń tà á ni ó ni í. Ta ni yóò sì dá ọmọ ọdún 17 lẹ́bi fún ìyẹn?

Ní Ọjà'ba, àwọn ìyá wa mọ̀ pé bí ènìyàn bá gbé ewúrẹ́ wá tí ó fẹ́ tà á ní ìdajì iye rẹ̀, tí ó sì ń wo ẹ̀yìn, ìbéèrè wà láti bi í kí a tó mú owó jáde. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi dá ọmọ náà lóhùn ní Mápó. Ó gbọ́ ọ parí, ó ronú, ó sì wí pé, “Sà, epo tí wọ́n gbé lájà kò sí lájà mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ka ìwé yìí, ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í. Kí ni mo mú lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo fẹ́ràn ọmọ tí ó lè bá òwe jiyàn. Òtítọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìwé kì í ṣe epo. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyàn tí ó ń lù ní ibi ìnáwó. Bí ẹ bá jó sí ìlù rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹ sì lọ sílé láìfún un ní kọ́bọ̀, ìlù rẹ̀ ṣì wà ní èjìká rẹ̀, kò sí ohun tí ó dín nínú awọ rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé a kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn rẹ̀ ni a mú. Bí gbogbo ìlú bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ọmọ rẹ̀ kò ní kọ́ ìlù; yóò lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìlú Ìbàdàn mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ, nítorí pé òun ni olú-ìlú ìwé títẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1949 ni Oxford University Press ti dé Nàìjíríà, òun ni ó di University Press tí ó wà ní Jẹ́ríkò títí di òní. Evans àti Heinemann náà wà ní ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ wa náà dá ilé-iṣẹ́ Onibon-Oje sílẹ̀. Ìwé Yorùbá kì í tà bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀dà tí a kò sanwó fún bá gba ọjà díẹ̀ tí ó wà mọ́ wọn lọ́wọ́, òǹtẹ̀wé kò ní tẹ ìwé Yorùbá mìíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán bẹ́ẹ̀. Kí ni kí ọmọ tálákà ṣe nígbà tí ìwé kan kò sí ní ọjà mọ́, tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti kógbá wọlé, tí a kò sì mọ ibi tí àwọn àrólé wà? Lójú tèmi, 70 ọdún gùn jù fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1970 fún àrólé ní ọdún 25 péré. Òfin ọdún 1988 ni ó sọ ọ́ di 70. Bí ti àtijọ́ bá dúró ni, ìwé Akínyẹlé ìbá ti di ti gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990. Ènìyàn ni ó ṣe òfin, ènìyàn sì lè tún un ṣe, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè wí bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Òfin kan náà sì ti fi àyè sílẹ̀: ó gbà kí ènìyàn lo ìwé ní ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ àti fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, ó sì gba ilé-ìkàwé láàyè láti ṣe àwọn nǹkan kan tí a kò gbà fún oníṣòwò. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ó ka orí kan fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó fi odindi ìwé ránṣẹ́ sí igba ènìyàn. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ẹni tí ó gé orúkọ òǹkọ̀wé kúrò tí ó sì ń tà á.

Ohun kan tún wà tí òfin kò kàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ọkùnrin yìí ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ, ní Ìbàdàn níhìn-ín, òun sì wà lára àwọn ìránṣẹ́ tí ó ń rìn láàrin àwọn ọmọ ogun nígbà tí a ń wá àlàáfíà ní ogun Kírìjì. Ó parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù; òun náà kú ní ọdún 1920, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921. Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́, ìwé náà ti di ti gbogbo ayé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ lónìí láìtọrọ àṣẹ. Nítorí náà gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin gbà. Ṣé gbogbo wọn ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé? Rárá o. Ẹ̀rọ ni ó máa ń ka àwòrán ìwé tí ó sì ń sọ ọ́ di lẹ́tà, ẹ̀rọ kò sì gbọ́ Yorùbá. Ó lè rí igbá, igba, ìgbà àti igbà, kí ó sì kọ gbogbo wọn bákan náà. Orúkọ ìlú a di orúkọ mìíràn, oríkì a di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ìwé tí ó sọnù lẹ́ẹ̀kan ní Ìlú Ọba tún lè sọnù lẹ́ẹ̀kejì níwájú ojú wa, nínú ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún, láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Báwo ni a ṣe ń wádìí, nígbà náà? Ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó wo ohun mìíràn. Níbẹ̀ ni orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ òǹtẹ̀wé, ọdún àti ìlú máa ń wà. Bí ojú-ìwé yìí bá sọnù, kì í sábà jẹ́ àṣìṣe. Ìwé tuntun ní Nàìjíríà yóò ní nọ́ńbà ISBN, tí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ń fún àwọn òǹtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àìsí nọ́ńbà yìí ṣe ẹ̀sùn sí ìwé tí a tẹ̀ kí ọdún 1970 tó dé, nítorí kò tí ì sí nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọdún tí òǹkọ̀wé kú, kí ẹ sì ṣírò. D. O. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nítorí náà òpin ọdún 2033 ni ti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ yóò pé. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní ọdún 1968 jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, yóò sì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ti òun nígbà tí ti Fágúnwà bá ti parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí Kẹ́mi Morgan kọ lórí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Akínyẹlé. Ẹni tí ó ya àwòrán sínú ìwé, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, olúkúlùkù ni ó ní tirẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá sì yanjú, ẹ kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé kí ẹ bi í. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí pé a lè béèrè.

Èmi àti ọmọ náà ṣe é papọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ pe ẹlòmíràn. A kò dé ìdí rẹ̀. Mo ní ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí ìwé nílé, tí ó ti gbó, tí mo fi ìwé ìròyìn bò. Mo yá a fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ní kí ó fi òun àti ti inú fóònù wé ara wọn. Nígbà tí ó padà wá, kò dúró kí mi tán kí ó tó ṣí ìwé náà. Ó ti fi ewé kékeré sí ibì kan. Ìtàn jagunjagun kan ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí agbo-ilé wọn ti ṣẹ̀. Odindi ojú-ìwé mẹ́rin náà kò sí nínú ti fóònù.

Ó ní bàbá àgbà òun ti sọ ọ́ fún òun, òun kò sì gbà á gbọ́, nítorí pé òun ti ka ìwé náà tán, òun kò rí i níbẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gbé e lọ sílé lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun kà á sí bàbá náà létí.